Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé: Ohun tí ilé ìtura ní Ṣómólú àti Bàrígà lè ṣe kí àlejò má baà sá

Ẹni tó ní ilé ìtura ní Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ irú àlejò tó ń wọlé sọ́dọ̀ òun. Àwọn oníbàárà tó wá láti ìlú mìíràn wá tẹ ìwé, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú wà níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Òbí tó mú ọmọ wá sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà wà níbẹ̀. Ẹni tó wá síbi ìnáwó, tí ilé ẹbí ti kún, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé Jìbówú, tí kò fẹ́ rìn lóru.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn bá jáde, gbogbo wọn ló máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan á fi ìrìn àjò náà sílẹ̀. Àwọn kan á lọ sùn sílé ọ̀rẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ni ilé ìtura nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe, alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ ibùsùn, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì àti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà tó ń gbé àlejò lọ sí Onípáánù, gbogbo wọn ni owó ń dín lọ́wọ́ wọn.

Ìtọ́sọ́nà yìí sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Èkó, ohun tí ojú àwọn ilé ìtura rí lókè òkun, àti ohun tí ilé ìtura kékeré oníyàrá mẹ́wàá lè ṣe láì ná owó gọbọi.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2014?

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer tó wá láti Liberia gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultant ní Obáléńdé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde lọ sáàárín ìlú. Àrùn náà ló pa Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn ní Yàbá, tí kò jìnnà sí Ṣómólú, ni wọ́n ti tọ́jú àwọn aláìsàn tó kù ní Èkó.

Èèyàn 20 péré ló kó àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn 8 ló sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ èèyàn bíi 900 tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní ìfarakanra pẹ̀lú aláìsàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò ojúkojú tó tó 18,500. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rù tó gbòde nígbà náà ju iye èèyàn tó ṣàìsàn lọ. Àwọn èèyàn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n fagi lé ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó wáyé ní àwọn ilé ìtura. Àhesọ gba ìlú pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún, èyí tó ṣe àwọn kan léṣe. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìtura ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọṣẹ apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń wọn ìgbóná ara àlejò.

Yàrá kan ní Port Harcourt

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn Ebola yẹn tó kan àwọn onílé ìtura gan-an. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ní Èkó nítorí pé ó ti bá Sawyer pàdé, kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó gba Port Harcourt lọ. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni dókítà kan ti tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Aláìsàn náà yè é. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ló kó o, kò sì tètè sọ. Ó ṣì ń bá iṣẹ́ lọ nílé ìwòsàn rẹ̀, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣì ń wá kí i. Ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde, tí wọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì náà pa, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kiri Port Harcourt.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àlejò lè kó àrùn wọlé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ̀. Ilé ìtura kò lè mọ ohun tó wà lára gbogbo ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ní ètò sílẹ̀ fún ọjọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn

Ní 2020, ọ̀rọ̀ náà kọjá ìbẹ̀rù. Wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Pápákọ̀ òfurufú ti wà ní títì fún àwọn ará òkè òkun ṣáájú ìgbà náà. Láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ìjọba àpapọ̀ gbà kí ilé ìtura ṣílẹ̀kùn bí wọ́n bá lè pa òfin ìmọ́tótó mọ́. Ní Èkó, àjọ Lagos State Safety Commission ní kí àwọn ilé iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí.

Àwọn ilé ìtura kan tilẹ̀ di ibi ìyàsọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó padà láti Dubai dé sí Èkó ní oṣù Karùn-ún 2020, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kó wọn sí fún ọjọ́ 14. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ìjọba tún pàṣẹ pé kí àwọn tó ń bọ̀ láti Brazil, India àti Turkey lo ọjọ́ 7 níbi ìyàsọ́tọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe gbogbo àlejò ló ń pa rẹ́ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Dókítà, akọ̀ròyìn, òṣìṣẹ́ àjọ àti ẹni tó ní láti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ṣì ń wá yàrá. Ohun tí wọ́n ń wá kọ́kọ́ ni ibi tí ọkàn wọn máa balẹ̀ sí.

Ohun tí ojú àwọn mìíràn rí

Ní oṣù Keje ọdún 1976, àwọn ológun fẹ̀yìntì ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá Bellevue-Stratford ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ bá wọn, ó sì pa èèyàn 34. Àlejò sá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, òtẹ́ẹ̀lì tó lókìkí yìí ti ilẹ̀kùn. Oṣù Kìíní ọdún 1977 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Joseph McDade tó rí kòkòrò tó fà á, tí wọ́n wá ń pè ní Legionella. Inú omi àti ẹ̀rọ amúlétutù ńlá ló ti ń dàgbà. Ìyẹn ni pé òtẹ́ẹ̀lì náà ti kógbá sílé kí ìdáhùn tó dé. Níbi tí àlàyé kò bá sí, ìbẹ̀rù ló ń gba ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 2003, dókítà kan láti China sun àjà kẹsàn-án òtẹ́ẹ̀lì Metropole ní Hong Kong. Àrùn SARS wà lára rẹ̀. Àwọn àlejò tí wọ́n jọ wà lórí àjà yẹn gbé e lọ sí Vietnam, Singapore àti Canada. Nígbà tó yá, òtẹ́ẹ̀lì náà pa orúkọ dà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Gambia. Ẹyọ ẹnì kan kò ní Ebola níbẹ̀ nígbà tó ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone. Síbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò láti Yúróòpù kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán Áfíríkà láti òkèèrè, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Ṣómólú. Bí àrùn bá wà ní Lẹ́kkí tàbí Àpápá, ẹni tó wà ní Kano tàbí Aba á ní "Èkó ni".

Mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà rìn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ilé ìtura máa fi oògùn kan náà ṣe gbogbo àrùn. Wíwọn ìgbóná ara lẹ́nu ọ̀nà kò ní dá onígbáméjì dúró bí omi táńkì bá ní kòkòrò. Àlejò tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà á rí i pé eré lásán ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: báwo ni èyí ṣe ń ràn?

• Ebola: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, òógùn àti omi ara ẹni tó ti ń ṣàìsàn ló ń gbé e. Ó lè tó ọjọ́ 21 kó tó farahàn. Aṣọ ibùsùn àti ilé ìwẹ̀ ni ibi tó léwu.

• Kòrónà: afẹ́fẹ́ inú yàrá tí wọ́n tì pa ló ń gbé e jù. Ó lè tó ọjọ́ 14 kó tó farahàn. Fèrèsé ṣíṣí àti ìbòmú ló ṣe pàtàkì.

• Onígbáméjì, tí àwọn kan ń pè ní kọ́lẹ́rà: omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ló ń gbé e. Wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5 ló fi ń farahàn. Èkó rí i lọ́dún 2024. Kànga, bọ́họ̀ọ̀lù, táńkì, omi dídì àti ilé ìdáná ni kí ẹ wò.

• Ibà Lassa: eku ló ń gbé e. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìlú Lassa, ìpínlẹ̀ Borno. Ibi tí ẹ ń kó oúnjẹ sí, àjà ilé àti ibi tí ẹ ń kó ìdọ̀tí jọ ni kí ẹ mójú tó.

• Mpox: fífara kan ẹni tó ní in, tàbí lílo aṣọ, táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ibùsùn rẹ̀ ló ń gbé e. Alágbàfọ̀ yín wà lára àwọn tó yẹ kí ẹ dáàbò bò.

Ohun méje tó ń dá ọkàn àlejò padà

1. Ẹ sọ òótọ́. Ẹ má kọ ọ́ sára ògiri pé "Kò sí àrùn níbí". Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe: "A ń nu gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wa." Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

2. Ẹ jẹ́ kí àlejò fojú ara rẹ̀ rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe sẹ́yìn ilé. Fífi ọṣẹ fọwọ́ gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ apakòkòrò tí kò nílò omi, ọtí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 60% ó kéré tán. Ẹ na aṣọ ibùsùn tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì lójú àlejò bó bá fẹ́.

3. Ẹ po omi apakòkòrò bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kàn ń da Hypo tàbí Jik sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Bí kò bá tó, kò ní pa kòkòrò. Bó bá pọ̀ jù, á ta ojú àti imú èèyàn. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ wo iye tó wà lára ìgò, ẹ fi iye tí ẹ fẹ́ pín in, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Bí ìgò bá ní 3.5%, tí ẹ sì fẹ́ 0.1% fún tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ife 1 sí ife omi 34 ni. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì dà sí, tí ẹ fẹ́ 0.5%, ife 1 sí ife omi 6 ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, nítorí ìdọ̀tí ń sọ apakòkòrò di aláìlágbára. Ẹ máa po tuntun lójoojúmọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ oògùn fífọ ṣáláńgá, èéfín tó ń jáde nínú rẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe.

4. Ẹ tọ́jú omi. Ẹ fọ táńkì, ẹ bò ó, kí ẹ sì mọ bí bọ́họ̀ọ̀lù yín ṣe jìnnà sí sọ́kàwéè tó. Kòkòrò Legionella ń dàgbà nínú omi tó wà lójú kan ní ìwọ̀n ooru 20 sí 45 Celsius, bẹ́ẹ̀ sì ni táńkì dúdú orí òrùlé ní Èkó ṣe máa ń rí. Bí yàrá bá ti wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú rẹ̀ kó dà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àlejò tó wọlé.

5. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń yí po. Bí àlejò bá jáde, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ẹ tó tún yàrá ṣe. Bí yàrá bá pọ̀ tó, ẹ má gbé àlejò tuntun sínú yàrá tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

6. Ẹ má fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá ṣàìsàn. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé wọn á yọ owó òun bí òun kò bá wá, á fi ibà wá síbi iṣẹ́. Á gbé oògùn mì, á sì dákẹ́. Owó ọjọ́ mélòó kan tí ẹ san fún ẹni tó wà nílé kéré sí ohun tí ẹ máa pàdánù bí wọ́n bá ti ilé yín pa. Ẹ fún àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ.

7. Ẹ jẹ́ kí owó àsansílẹ̀ rọrùn. Ẹ̀rù ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe àrùn nìkan. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ìjọba bá tilẹ̀kùn ìlú lójijì, owó àwọn ti wọgbó. Ẹ kọ ọ́ sára risíìtì pé ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dá dúró lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú tàbí gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tí ẹ dá owó padà fún lónìí á padà wá.

Ìwé orúkọ àlejò

Ìwé tó wà lórí káńtà kì í ṣe fún ọlọ́pàá nìkan. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wá èèyàn bí àrùn bá wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ òtẹ́ẹ̀lì àdúgbò mọ̀ pé orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́ tán, pàápàá ti àwọn tó wá fún wákàtí díẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò sí nínú pípariwo mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù tó ń lọ ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ, kí ẹ pè é lójú rẹ̀ kó dún. Ẹ má fi ìwé náà sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ka orúkọ ẹni tó ṣáájú. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Àlejò tó bá gbà pé àṣírí òun bò á fún yín ní nọ́ńbà tó jẹ́ òótọ́.

Bí àlejò bá ṣàìsàn nínú yàrá ńkọ́?

Ibí ni orúkọ ilé ìtura ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń níyì. Ẹ má lé e jáde lóru. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni wá fún un ní abẹ́rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ ti rí ohun tó ti Port Harcourt jáde.

Ẹ ní kó dúró sínú yàrá, kí ẹ yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tàbí lórí fóònù. Ẹ pe àjọ NCDC, tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba Èkó, 112 tàbí 767. Bó bá jẹ́ pé ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi ORS bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń retí ìrànlọ́wọ́, nítorí onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti wọ yàrá náà. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ẹ ti yàrá náà títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera á fi sọ bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́. Ẹ kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àwòrán aláìsàn sórí WhatsApp.

Bí àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ má sá fún un. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ẹ pè àti ohun tí ẹ ṣe, láì dárúkọ aláìsàn. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa àhesọ.

Nígbà wo ni àrùn tán?

Fún Ebola, WHO máa ń ka ọjọ́ 42 láìsí aláìsàn tuntun, ìyẹn ìlọ́po méjì ọjọ́ 21, kó tó kéde pé ó ti tán. Kí ilé ìtura má fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ṣáájú ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ lè pe àwọn oníbàárà àtijọ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Àwọn tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà: atẹ̀wé tó ń fi oníbàárà ránṣẹ́ sí yín, òbí tó ń wá ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé lọ́dọọdún. Ẹ pe àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú tàbí ti Bàrígà wá wo ilé yín kí ẹnikẹ́ni tó fẹjọ́ yín sùn.

Ẹ má sì kó omi àti ọṣẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde. Lẹ́yìn Ebola, ọ̀pọ̀ ibi ló kó o kúrò. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rà ni, owó ọṣẹ apakòkòrò sì ti lọ sókè.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá yàrá

Ìbéèrè márùn-ún péré ni kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: Ibo ni omi yín ti ń wá, ìgbà wo lẹ sì fọ táńkì kẹ́yìn? Ṣé fèrèsé yàrá ń ṣí? Ta ló lo yàrá yìí kẹ́yìn, ìgbà wo ló sì jáde? Bí ara mi kò bá yá lóru, ta lẹ máa pè? Bí ìrìn àjò mi kò bá ṣeé ṣe mọ́, ṣé mo lè gba owó mi padà?

Ilé ìtura tó bá dáhùn márààrún láì bínú, ẹ lè sùn níbẹ̀. Èyí tó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, kí ẹ ṣáà sanwó, ẹ wá ibòmíràn lọ.